Ìfúnpá, agbára, àbí ìtẹ̀ afẹ́fẹ́?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú làákàyè. Àbúrò wa kan ń kọ ìwé fún àwọn tó ń tún tẹ́mósítáàtì aláfẹ́fẹ́ ṣe, èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ inú páìpù darí fáàfù dípò iná mànàmáná. Ó béèrè orúkọ tí a ó fún ohun tí gééjì ń kà. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: ìfúnpá afẹ́fẹ́, agbára afẹ́fẹ́, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́.

Agbára ni kí a kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹni tó bá kà pé "agbára afẹ́fẹ́ kò tó", kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni yóò sáré lọ bá, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè má mọwọ́ mẹsẹ̀. Gééjì páìpù ìyá, èyí tó ń gbé afẹ́fẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, lè wà ní 18 sí 20 psi bó ṣe yẹ, kí ti páìpù ọmọ, èyí tí tẹ́mósítáàtì fi ń darí fáàfù, má sì kúrò ní 3. Lára oríṣi onípáìpù kan, ìyẹn tẹ́mósítáàtì tí páìpù ọmọ nìkan so mọ́, ihò tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ páìpù ọmọ wà lára ohun tí ẹ ó fura sí. Ihò náà sábà máa ń jẹ́ 0.007 ínṣì péré, òróró àti omi tó bá bá afẹ́fẹ́ wá kì í pẹ́ dí i. Bó bá jẹ́ imú tí tẹ́mósítáàtì fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde ló dí, òdìkejì ni ẹ ó rí: ìtẹ̀ ọmọ á gòkè bá ti ìyá, á sì dúró síbẹ̀.

Ìfúnpá ti rẹ́sẹ̀ walẹ̀ nínú ìwé ìlera, mi ò bá a jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ló wà nídìí rẹ̀, òun náà sì ni orúkọ oògùn tí à ń so mọ́ apá. Kò tún fún wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lè lò fún páìpù. Ìtẹ̀ ṣe é: afẹ́fẹ́ ń tẹ awọ rọ́bà inú ẹ̀rọ tó ń ti fáàfù. Psi fúnra rẹ̀ kò ju iye pọ́n-ùn tó ń tẹ ínṣì kan níbùú, ínṣì kan lóòró.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ìwé náà lo "jò" fún ohun méjì. Onípáìpù kan gbọ́dọ̀ máa tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde ní imú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí a sọ pé ó ń mí. Èyí tó ń gba ojú ìsopọ̀ tàbí awọ tó ya jáde ni kí a pè ní jíjò. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tó gbọ́ ṣíì-ṣíì lára ògiri á tú tẹ́mósítáàtì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa dànù.

Bí a ṣe ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nìyí. Ẹ yọ páìpù ọmọ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń ti fáàfù, ẹ dí ẹnu páìpù náà pa, kí ẹ wá yí tẹ́mósítáàtì síbi tí ìtẹ̀ ọmọ á fi gòkè dé òpin. Bí gééjì bá sún mọ́ ti ìyá, tẹ́mósítáàtì kò jẹ̀bi, awọ inú ẹ̀rọ náà ló ya. Bí kò bá gòkè, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ wá gbogbo ojú ìsopọ̀, pàápàá ibi tí páìpù oníke ti gan tó sì sán, kí ẹ tó yẹ ihò tín-ín-rín wò. Ẹ má fọwọ́ kan síkúrù àtúntò kí ìtẹ̀ ìyá tó dájú. Bó bá dájú, ẹ yí tẹ́mósítáàtì sí ìwọ̀n ooru inú yàrá gan-an, kí ẹ yí síkúrù títí ìtẹ̀ ọmọ á fi wà ní agbedeméjì ìwọ̀n sípírìngì, ìyẹn ìtẹ̀ tí sípírìngì inú ẹ̀rọ tó ń ti fáàfù fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í sún títí dé èyí tó fi ń sún dópin: bí sípírìngì bá jẹ́ 8 sí 13 psi, 10.5 ni. Kí ojú yín jìnnà sí i. Tẹ́mósítáàtì tí ìtẹ̀ ọmọ rẹ̀ ń yí ní 2.5 psi fún dígírì Fahrenheit kan, èémí ẹnu nìkan tó láti da kíkà rẹ̀ rú.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo gba ìtẹ̀, mo sì gba mímí tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìṣòro kan wà: irin pẹlẹbẹ oníbejì tó ń gbọ́ ooru náà máa ń tẹ̀. "Ooru tẹ irin, afẹ́fẹ́ tẹ awọ" á da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Kí a ní irin náà wọ́.

Ìwé náà kò tíì ya àwọn tí ìtẹ̀ wọn ń gòkè bí yàrá bá gbóná sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí tiwọn ń wálẹ̀. Mo dábàá atẹ̀lé àti alòdì. Láìsí èyí, "ibi tí ìtẹ̀ á fi gòkè" tí ẹ̀yin kọ kò yé ẹnikẹ́ni: atẹ̀lé, a ó yí i sísàlẹ̀ ìwọ̀n ooru yàrá, alòdì, a ó yí i sókè.

Kí a sì fi kún un pé àwọn ilé kan ní ìtẹ̀ ìyá méjì, bíi 15 àti 20, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún òru. Ẹni tó bá 15 lójú gééjì kò gbọdọ̀ tíì pè é ní àìtó.