Báwo la ṣe lè jẹ́ káwọn ọnọ́rébù máa lo iṣẹ́ ìwádìí?

Ọmọ Ògùnpa: Ẹ̀yin ará ilé ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn kan la jọ ṣe ìwádìí lórí àgbàrá n'Ìbàdàn, ẹ sáà rántí bí odò Ògùnpa ṣe kún bo ìlú ní 1980, ẹ rántí August 2011 tẹ́mìí tó lé ní 100 bá omi lọ. A wọn odò, a bá àwọn tó ń gbé etí ẹ̀ sọ̀rọ̀, a kọ gbogbo ẹ̀ sí ojú ewé 180, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ fún ọnọ́rébù kan. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀rá tí mo fi wé e ṣì wà lára ẹ̀, wọ́n gbé fáànù lé e lórí. Ó dùn mí wọra. Kí la lè ṣe?

Bàbá Agodi: Pẹ̀lẹ́ àbúrò, má jẹ̀ẹ́ kó sú ẹ. Mo ti bá kọmítì ilé aṣòfin ṣiṣẹ́ rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ èèyàn ti kún ẹnu ọ̀nà ọnọ́rébù, tibí ń wá owó ilé ìwé, tọ̀hún ní ìyàwó òun wà ní ọsibítù, ìgbà wo ló fẹ́ ka 180? Ojú ewé méjì ni kó o kọ. Ohun tó o fẹ́ kí wọ́n ṣe ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, má fi sẹ́yìn bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe ní yunifásítì. Dárúkọ bíríìjì tí omi máa ń bò ní wọọ́dù tiẹ̀ gan-an. Kó o sì wá kíláàkì kọmítì rí o, òun ló ń to fáìlì. Tètè lọ kí wọ́n tó jókòó lé bọ́jẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Bódìjà: Òótọ́ ni bàbá sọ. Àwọn aṣòfin London ní ọ́fíìsì kan tó ń bá wọn kọ ìwádìí ní ṣókí, POST ni wọ́n ń pè é, láti 1989. Ojú ewé bíi mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ, àwọn tó ń ṣe PhD sì máa ń lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àwa ní Yunifásítì Ìbàdàn (UI) láti 1948, a ní IITA tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, a ní NISER tó ń ṣèwádìí ọrọ̀ ajé àti àwùjọ, gbogbo wọn Ìbàdàn níbí, Agodi tí ilé aṣòfin wà ò sì jìnnà, kí ló dé táwọn ọmọ wa ò lè lọ? Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ò bá dá yín lójú nínú ìwádìí yẹn, ẹ sọ ọ́ fún wọn o, torí tí wọ́n bá ká irọ́ kan mọ́ yín lọ́wọ́ wọn ò ní gba ìyókù gbọ́.

Ọmọ Ògùnpa: Ẹ ṣé gan-an ni. Alẹ́ yìí ni màá bẹ̀rẹ̀. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni kí n fi kọ ọ́ ni àbí Yorùbá?

Bàbá Agodi: Méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì fún fáìlì, Yorùbá fún ìgbà tó bá fẹ́ bá àwọn ará wọọ́dù sọ̀rọ̀.