Èsì: “Òmìnira ẹ̀kọ́” kò ṣe rẹ́gí pẹ̀lú “academic freedom”

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ní ká fi “òmìnira ẹ̀kọ́” túmọ̀ “academic freedom”, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí olùkọ́ fásitì ní láti ṣèwádìí kó sì kọ́ni láìbẹ̀rù ìyà, kí kálukú wa lọ sinmi. Àbúrò wa obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀ ní rárá, “òmìnira ọ̀mọ̀wé” ló dáa, torí èèyàn ló ń ní òmìnira, ẹ̀kọ́ kì í ní in. Méjèèjì ò wọ̀ mí létí.

Ká mú ti ẹ̀gbọ́n ná. Níbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, mo gbé “òmìnira ẹ̀kọ́” lọ bá ìyá kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Under G, lẹ́bàá fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ LAUTECH. Wọ́n ń so háńdáòtù àwọn ọmọ iléèwé pọ̀ lọ́wọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè tí wọ́n fi ní, “Ṣé wọn ò ní gba skúùlù físì mọ́ ni?” Ẹ ò rí i bí? Láti 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ibi tí “ẹ̀kọ́” bá ti fara kan ohun tó jọ ìdásílẹ̀, owó iléèwé ni ọkàn wa ń lọ. Ta ló fẹ́ máa ṣàlàyé ìyẹn láti ọ̀sán di alẹ́?

Ti àbúrò wa sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó sọ nǹkan náà di dúkìá ẹni tó gboyè. Ọ̀dọ́ olùkọ́ tí kò tíì di ọ̀mọ̀wé, tó ń kọ́ni, tó ń ṣèwádìí, ní ìpín nínú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tó ti fi fásitì sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní báǹkì kò ní i mọ́. Iṣẹ́ ló ni ín. “Òmìnira” fúnra rẹ̀ tún ní ìṣòro tirẹ̀: láti ọdún 1960, ohun tó ń sọ sí wa létí ni pé ọ̀gá ti lọ, ó kù sọ́wọ́ ẹ. Olùkọ́ tó ń yọjú sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kan lóṣù yóò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà gan-an ni.

Ẹ wo ohun tí àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ sọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì àti ẹgbẹ́ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹnu kò ní 1940 pé olùkọ́ lè ṣèwádìí kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó lè sọ̀rọ̀ fàlàlà nínú kíláàsì lórí ẹ̀kọ́ tó ń kọ́, àmọ́ kó má ṣe máa wọ́ àríyànjiyàn tí kò kan ẹ̀kọ́ náà wọlé. Bó bá sọ̀rọ̀ níta bí ọmọ ìlú, iléèwé ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kó rí i pé ọ̀rọ̀ òun péye, kó bọ̀wọ̀ fún èrò ẹlòmíì, kó sì jẹ́ kó hàn pé òun kọ́ ni ẹnu iléèwé. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, náà ṣe tirẹ̀ ní 1997, ẹ̀tọ́ àti ojúṣe jọ wà nínú rẹ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà ńkọ́? Ìkéde Dar es Salaam àti ti Kampala, tí àwọn onímọ̀ ṣe ní 1990, so òmìnira pọ̀ mọ́ ojúṣe sí àwùjọ látorí àkọlé.

Wọn ò ṣèèṣì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1988, ìjọba ológun fòfin de ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, wọ́n sì lé Patrick Wilmot, olùkọ́ ìmọ̀ àwùjọ ní fásitì Zaria, kúrò ní Nàìjíríà. Gbólóhùn tó gbòde láyé ìgbà náà ni pé àwọn olùkọ́ kan ń kọ́ ohun tí a kò sanwó fún wọn láti kọ́. Ẹ gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò dáadáa. Ó ní ẹni tó ń sanwó ló mọ òótọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń dábàá “ẹ̀tọ́ iṣẹ́ ìmọ̀”. Tí a bá ní nǹkan tọ́ sí mi, tèmi ni. Tí a bá ní ó tọ́ kí n ṣe é, ọrùn mi ló wà. Inú “tọ́” kan náà ni méjèèjì ti jáde; a ò nílò ọ̀rọ̀ kejì láti lẹ ojúṣe mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n lè sọ pé òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ náà ṣáà ni. Kì í ṣe òun. Ọlọ́kadà lè dúró ní Tákié l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, kó sọ pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sẹ́ni tí yóò mú un. Olùkọ́ jọ́gíráfì tó bá fi kọ́ni yóò dáhùn lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe lọ́dọ̀ gómìnà. Ará Ọ̀yọ́ ni ẹ̀gbọ́n, èyí yóò tètè yé wọn: ọba kì í mú ọ̀kọrin. Akùnyùngbà, akọrin ààfin, lè fi orin kọ ohun tí ìjòyè ò lè sọ sí Aláàfin létí. Orin ló gbà á sílẹ̀. Tó bá bú aládùúgbò ẹ̀ nídìí omi, ìyẹn ti di ìjà lásán.

Ní ti “tenure”, ìyẹn kí wọ́n má lè ṣàdédé lé olùkọ́ kúrò níṣẹ́, a ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Olùkọ́ 49 tí Fásitì Ìlọrin yọ níṣẹ́ ní 2001, 2009 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá wọn láre. “Ìdánilójú iṣẹ́” ti tó, kò sẹ́ni tí kò ní yé.

“Ojúṣe” náà, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní ká pè é ní “ìlànà ìwà ọmọlúàbí fún akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fásitì”. Áà! Kí olùkọ́ máàkì ìwé lásìkò, kó má fi háńdáòtù di ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, kó má fi máàkì wá obìnrin, kó má jí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ jáde lórúkọ ara rẹ̀: ojúṣe ni gbogbo ẹ̀.

Àbùkù kan wà lára tèmi: ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì gbọ́ “iṣẹ́ ìmọ̀” bí ìmọ̀ ẹ̀rọ, pàápàá níbí tí LAUTECH wà. “Ẹ̀tọ́ ìwádìí àti ìkọ́ni” kò ní wàhálà yẹn, àfi pé ó gùn. Mo rò pé ká kọ́kọ́ lo èyí tó gùn nínú ìròyìn, ká máa gé e kúrú lẹ́yìn náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìbínú. Ẹ sọ ibi tó kù sí.