FPGA mi ń falẹ̀ ju ARM lọ, kí ló dé?

Ọmọ Kóòdù:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ ètò kámẹ́rà kan fún ẹ̀rọ alágbèéká, tó ń wá ìlà etí àwọn ohun tó wà nínú àwòrán. Orí board PYNQ-Z2 ni mo ti ń dán an wò. Zynq-7020 ló wà níbẹ̀: ARM Cortex-A9 méjì (ọpọlọ tó ń ṣe ètò) pẹ̀lú FPGA (ẹ̀yà tí a lè tún wáyà inú ẹ̀ tò fún iṣẹ́ tó bá wù wá) nínú ṣíìpù kan náà. Mo ní kí FPGA gba iṣẹ́ Sobel (ìṣirò tó ń wá ìlà etí yẹn) ṣe, kí ARM rí ìsinmi. Àmọ́ àwòrán 640 × 480 tí OpenCV (àkójọ kóòdù fún iṣẹ́ àwòrán) ń ṣe tán lórí ARM ní mílísẹ́kọ́ǹdì 12, FPGA ń fi sẹ́kọ́ǹdì 6 ṣe é! Mo tún un ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́. Àbí board ọ̀hún ti jóná ni?

Bàbá Wáyà:
Kò sóhun tó ṣe board, àbúrò. Báwo lo ṣe ń gbé àwòrán yẹn wọ FPGA?

Ọmọ Kóòdù:
Loop Python ni, ẹ̀gbọ́n. mmio.write (àṣẹ tó ń kọ nọ́ńbà kan sínú FPGA), píksẹ́lì kan tẹ̀lé òmíràn. Bí mo ṣe ń kà á jáde náà nìyẹn.

Bàbá Wáyà:
Háà! Ṣíbí lo fi ń pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù. Píksẹ́lì 307,200 nìyẹn, ní àlọ àti àbọ̀, Python sì ń gba owó ibodè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí FPGA bá ń sáré ní 100 MHz, tó ń gba píksẹ́lì kan ní clock (ìlù aago ẹ̀) kan, ìṣirò yẹn ò ju bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 3 lọ. Ojú ọ̀nà ni ìyókù bá lọ. DMA (ẹ̀yà tó ń kó dátà láìdá ARM lóró) ni kó o lò: fi `allocate` ya buffer (àyè nínú ìrántí) sọ́tọ̀, kí DMA máa fà á fúnra ẹ̀. Má gbàgbé láti flush cache o, ìyẹn ni kó o da ohun tó wà nínú ìrántí kékeré ARM padà sínú ìrántí ńlá tí DMA ń kà. Èmi gbàgbé nígbà kan, odindi ọjọ́ méjì ni àwòrán àná fi ń yọjú sí mi.

Ṣé o tiẹ̀ ti wọn iye àsìkò tí Sobel ń kó nínú gbogbo ètò náà? Bó bá jẹ́ ìdá 40 nínú 100, kódà kí FPGA ṣe é kí ojú tó ṣẹ́, ètò ẹ ò lè yá kọjá ìlọ́po 1.67. Láti 1967 ni Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti là á yé wa.

Ìyá Ẹ̀rọ:
Ẹ má yọ ti bátìrì sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú iPhone 7 ní 2016, wọ́n bá FPGA iléeṣẹ́ Lattice nínú ẹ̀, iCE5LP4K, tí LUT (àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò nínú FPGA) ẹ̀ ò tó 4,000. Irú èyí ò wà fún eré sísá. Iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí kì í dáwọ́ dúró, bíi ká máa ṣọ́ sensor, ló yẹ ẹ́, kí ṣíìpù ńlá lè rí oorun sùn.

Ọmọ Kóòdù:
Ẹ̀gbọ́n, DMA ti wọlé! Sobel ti di mílísẹ́kọ́ǹdì 5. Mo wá wọn gbogbo ètò náà: mílísẹ́kọ́ǹdì 40 nígbà tí OpenCV ń ṣe Sobel, 33 báyìí. Títú JPEG (àwòrán tí wọ́n fún pọ̀) ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Orí ló ń fọ́ ètò mi, ẹsẹ̀ ni mo ń fi àdí pa. Ta ló ní core JPEG (àpẹẹrẹ iṣẹ́ FPGA tó ń tú JPEG) tó lè wọ Zynq-7020 lọ́wọ́?