Gíà tọ́kùnbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kò fa Camry 2003

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Camry 2.4 ni, òpópónà Táíwò ní Ìlọrin la ti ra gíà náà. Rìfáàsì ń mú, àmọ́ tó bá ti gbóná, D (gíà ìlọsíwájú) kì í fà mọ́. Ọ́ìlì lítà 4 ni wọ́n dà sí i.

— Ọ́ìlì yẹn kéré! Gíà tó gbẹ pẹ̀lú torque converter rẹ̀ (ìkòkò ọ́ìlì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà) ń gba nǹkan bíi lítà 8, T-IV sì ni irú ọ́ìlì tó ń lò. Ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ ti ọwọ́ gíà láti P dé L, ẹ dá a padà sí P, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́ tí ẹ bá ń wọn ọ́ìlì. Tí kò bá dé àmì HOT lára ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì, atẹ́gùn ni páǹpù ọ́ìlì gíà ń fà, clutch inú gíà (àwọn àwo tó ń mú kó fà) á sì jó. Ẹ má tíì gbé e rìn jìnnà o.

— Bí torque converter kò bá wọlé tán kí wọ́n tó fi bóòtù fà á, páǹpù á fọ́. Àmọ́ rìfáàsì ṣì ń mú, mi ò rò pé òun ni.

— Ẹ wo nọ́ńbà ara gíà. U241E ló bá Camry yín mu. U250E ti 2005 ní ẹsẹ̀ 5, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín ò mọ̀ ọ́n. Ẹ sì fọ ojú ọ̀nà ọ́ìlì gíà nínú rẹdiétọ̀, ìdọ̀tí gíà àtijọ́ wà níbẹ̀.