Ẹkún Mágàríbì: ẹ̀kán próbáyótíìkì àti ọmọ tí ọmú nìkan ló ń mu

Ìyá Àkọ́bí, Kámpósì

Ẹ̀yin abiyamọ, mo kí yín o. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́rin lánàá. Ó ti sùn láti aago méje ààbọ̀, mo wá ráyè kọ ohun tó ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà tó wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ká ní ẹnì kan ti sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn ni, ẹkún tí èmi fúnra mi sun ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán, ọmọ á mu ọmú, á sùn, á máa ta ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń pe ìrun Mágàríbì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, ẹkún dé nìyẹn. Kì í ṣe ẹkún ebi. Ẹkún ebi, ìyá mọ̀ ọ́n. Èyí, á di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, á ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, ojú á pọ́n, ikùn á le bí awọ ìlù. Bí mo bá gbé e sí ọmú, á fà á lẹ́ẹ̀mejì, á tu ú sílẹ̀, á tún figbe ta. Ó di aago mẹ́sàn-án, ó di aago mẹ́wàá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kú, gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́, ó wá ku igbe ọmọ mi nìkan. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ṣí fèrèsé.

Ilé ẹbí là ń gbé, ilé Àgùdà àtijọ́ tí pákó jẹ́ ilẹ̀ òkè rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní yàrá kan tí yàrá kejì kò gbọ́. Gbogbo ènìyàn ló ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ní ẹ̀wà tí mo jẹ ni. Wọ́n ní mo rìn nínú oòrùn, ọmú mi gbóná. Wọ́n ní òùngbẹ ló ń gbẹ ọmọ, kí n dá omi sí i lẹ́nu. Wọ́n ní kí n rọ ọ́ lágbo. Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an wá sọ pé ọmú mi ti kan, pé kí n já ọmọ lẹ́nu rẹ̀, kí n lọ ra mílíìkì agolo. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Mo wọlé, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, omi ọmú ń kán sí bùbá mi, mo sì ń rò ó pé májèlé ni mo ń fún ọmọ mi.

Ìyá ọkọ mi gbé omidùn wá ní tiwọn, nínú ife funfun kan. Wọ́n ní omi orí ògì yìí làwọn fi tọ́ bàbá ọmọ. Mi ò lè jiyàn. Ta ni nínú wa tí kò mu omidùn rí nígbà tí inú ń yọ ọ́ lẹ́nu? Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ná. Bí wọ́n bá ní ká fún un, ẹ̀yin lẹ máa fún un." Àwọn gan-an ló pọ̀n ọ́n lọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan bọ́ gbogbo aṣọ ọmọ, títí kan ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n wo ooru ara rẹ̀, wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò 3.1 la bí i, ó ti di 4.3. Wọ́n fọwọ́ tẹ ikùn, wọ́n wo abẹ́ bóyá ibì kan wú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí lẹ ń wá, Mà? Wọ́n ní irun abiyamọ máa ń já, ọ̀kan lè yí mọ́ ìka ọmọ kó fún un pa, kí ọmọ máa ké kí gbogbo ilé máa wá agbo kiri. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìgbà tí mo wẹ ọmọ tí n kì í ya ìka yẹn.

Wọ́n wá sọ fún mi pé, "Ọmọ yìí ń sanra, kò ní ibà, kì í bì. Ọmú ẹ ò ṣe nǹkan kan." Ẹ̀yin ìyá, mo bú sẹ́kún níbẹ̀.

Wọ́n ní kọ́líìkì ni. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Morris Wessel ló fi ìwọ̀n rẹ̀ lélẹ̀ ní 1954: ọmọ tí ara rẹ̀ le, tó ń ké ju wákàtí 3 lọ lóòjọ́, ó ju ọjọ́ 3 lọ lọ́sẹ̀, fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Ó máa ń le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, púpọ̀ nínú wọn sì ń bọ́ nínú rẹ̀ kí oṣù 4 tó pé. Màmá ní, omidùn ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ò bú wọn. Wọ́n ní, "Màmá, omidùn yín dára, àmọ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ di oṣù mẹ́fà. A ò mọ omi tí wọ́n fi sẹ́ ògì ọ̀hún, ikùn ìkókó ò sì lè gba omi tí ò mọ́." Wọ́n wá ní àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ògì kan, àwọn ìbátan wọn kan wà tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ sínú ìgò fún ọmọ ọwọ́, próbáyótíìkì ni wọ́n ń pe irú wọn, Lactobacillus reuteri sì ni orúkọ èyí tí wọ́n ti dán wò jù fún kọ́líìkì. Màmá yí ojú sí mi: "Ṣé o gbọ́? Ìbátan ni wọ́n." Láti ìgbà yẹn làwọn àtèmi ti wà lẹ́gbẹ́ kan náà.

Owó ìgò náà kò kéré, owó ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni nílé wa. Ìgò kékeré ni, òróró ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni kì í fi í tètè kán. Ẹ máa mì í dáadáa, ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ ní sùúrù. Ẹ̀kán 5 lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ìyẹn kòkòrò mílíọ̀nù 100. Sórí ṣíbí tí mo ti bọ̀ ni mo ń kán an sí, n ó fi kan ètè ọmọ, á lá a. Lọ́jọ́ kejì ó ta ṣíbí dànù, òróró ta sí ọ̀já. Mo wo àbàwọ́n yẹn bíi pé owó ni mo dà sílẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, àfi bí mo ṣe kà á lára páálí, ni pé tèmi kò gbọdọ̀ wà níbi tí ooru rẹ̀ ju 25°C lọ. Ní Èkó! Yàrá wa, ọ̀sán gangan, iná ti lọ láti àárọ̀. Ohun alààyè ló wà nínú ìgò náà. Bí ooru bá pa á, òróró lásán là ń fún ọmọ. Ìyá tó ń ta omi tútù nísàlẹ̀ ní fíríìjì tó ń gba yìnyín, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi tèmi sínú ọ̀rá níbi ẹnu fíríìjì lápá òkè, kó má bàa dì. Lálaalẹ́ ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ gbà á, wọ́n á sì bi mí pé, "Ọmọ wa ńkọ́ lónìí?"

Mo ń kọ wákàtí ẹkún sínú ìwé. Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀. Ọjọ́ kẹjọ, wákàtí 2. Ọjọ́ kẹrìnlá, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 20, níbi tó ti ń ké wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò lè búra pé ẹ̀kán yẹn nìkan ló ṣe é, torí ọmọ náà ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọmú mi wà lẹ́nu ọmọ mi títí dòní, òun nìkan ló sì ń mu. Torí ìyẹn ni mo ṣe kọ gbogbo èyí.

Ìyá Ìbejì, Agége

Ọlọ́run á dá ọmọ sí. Kò ṣiṣẹ́ fún tèmi o. Táyé àti Kẹ́hìndé, àwọn méjèèjì ń ké. Ọmú mi kò tó wọn, mo ń fi mílíìkì agolo kún un láti ọ̀sẹ̀ kejì. Ìgò méjì tán, ẹkún ò dín. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni kí n pa iná, kí n bọ́ bùbá, kí n tẹ́ ọ̀kan sí àyà láìsí aṣọ láàárín wa, kí bàbá wọn ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì. Wọ́n pé oṣù mẹ́ta ààbọ̀, ó lọ bí ẹni pé kò wá rí.

Apòògùn kan, Yábàá

Ìyá Ìbejì, ohun tí ẹ rí bá ohun tí ìwádìí ń sọ mu. Ní 2007, ní Turin nílẹ̀ Ítálì, wọ́n dán Lactobacillus reuteri yẹn wò lára ọmọ 83 tó ń mu ọmú. Wọ́n fún apá kan ní òun, wọ́n fún apá kejì ní simethicone, oògùn afẹ́fẹ́ inú. Nígbà tó fi di ọjọ́ 28, àwọn àkọ́kọ́ ń ké ìṣẹ́jú 51 lóòjọ́, àwọn kejì ìṣẹ́jú 145. Ṣùgbọ́n ní Melbourne, ní 2014, ọmọ 167 ni wọ́n lò, oní-ọmú àti oní-agolo pọ̀, wọn ò rí àǹfààní kankan. Ní 2018, wọ́n da ìwádìí mẹ́rin pọ̀, ọmọ 345: ó wúlò fún àwọn tó ń mu ọmú nìkan, àǹfààní rẹ̀ fún oní-agolo kò hàn. Nítorí náà mi ò kì í tà á fún ìyá kí n má kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọmọ ń mu.

Ohun méjì ni mo bẹ̀ yín sí. Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, tàbí tí àìsàn wà lára rẹ̀, ẹ má fún un láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀. Ní 2023, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn lórí èyí lẹ́yìn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan kú. Èkejì, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má ra ìgò tí oòrùn ti ń pa lórí àtẹ. Ọdún 2008 kò tíì kúrò lójú mi, nígbà tí diethylene glycol, kẹ́míkà olóró kan, wọ inú egbògi eyín, tó sì pa ọmọ tó lé ní 80 nílẹ̀ yìí. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn, ẹkún ọmọ ni wọ́n fẹ́ pẹ̀tù sí.

Bàbá kan, Ṣómólú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí kún un. Ọmọ wa ọkùnrin, ọ̀sẹ̀ méje. Ó ti ń ké lálaalẹ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn la ò ṣe fura. Ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, gripe water la ń fún un. Nígbà tó di ọ̀sán, ó bì, ohun tó bì jáde ní àwọ̀ ewé. Mo tú ìlédìí rẹ̀, mo rí i pé ibi tí itan rẹ̀ ti pàdé ikùn lápá ọ̀tún wú, ó le bí èkùrọ́, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ìpá ni, ìfun ti há síbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ti pé ọmọ ọdún méjì báyìí, ó ń sáré.

Bí ẹkún bá yí padà, bí ọmọ bá bì àwọ̀ ewé, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ó bá kọ ọmú, tàbí bí ó bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé ọmọ, ẹ jáde.

Ìyá Àgbà, Ẹ̀búté Mẹ́ta

Mo rọ ọmọ mẹ́fà lágbo, wọ́n yè, mo dúpẹ́. Mo gbé ọ̀kan lọ sí ọ̀sibítù lẹ́yìn tí mo rọ ọ́, àgbo ti gba ihò mìíràn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Láti ìgbà yẹn mi ò rọ ọmọ mọ́. Ẹ̀yin ìyá ọkọ tó ń ka èyí, bí ọmọ bá ń ké, ẹ gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, kí obìnrin náà lè sùn fún wákàtí kan. Òun náà ń ké, ẹ ò kàn gbọ́ tiẹ̀ ni.

Ìyá Àkọ́bí, Kámpósì

Bàbá Ṣómólú, mo ti ka tiyín fún bàbá ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Ẹni tó béèrè ìgbà tí mo dá ẹ̀kán náà dúró: bí ìgò kejì ti tán ni, ọmọ ti lé ní oṣù mẹ́ta. Ẹkún ò padà. Ìyá olómi tútù ṣì ń bi mí, "Ọmọ wa ńkọ́?" Màmá sì ti lọ bá ẹni tó ń ta àgbàdo funfun lọ́jà sọ̀rọ̀, wọ́n ní ó ku oṣù méjì.