"Stop to" àbí "stop -ing": báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ SS2 ni mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́, WAEC ló sì wà níwájú wọn. Mo nílò ìmọ̀ràn yín.

Àwọn tó rọrùn ti yé wọn: "want" àti "decide" ń gba "to", "enjoy" àti "avoid" ń gba "-ing". Wọ́n há a sórí, ó tán. Wàhálà wà lára àwọn tó ń gba méjèèjì, tí ìtumọ̀ sì ń yí padà. "He stopped smoking": ó ti jáwọ́ nínú sìgá mímu. "He stopped to smoke": ó dúró kó lè mu sìgá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jìnnà síra gan-an!

Mo sọ fún wọn pé lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bíi "remember", "-ing" ń wo ẹ̀yìn, "to" ń wo iwájú. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Àmọ́ ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ pé dáadáa bi mí pé kí ló wá dé tá a fi ń sọ pé "I look forward to seeing you", tí "-ing" wà níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé iwájú là ń wò. Mo ṣàlàyé pé preposition (ọ̀rọ̀ atọ́kùn) ni "to" ibẹ̀, bó ṣe wà nínú "look forward to Christmas". Òun gbà, àwọn yòókù kàn ń wò mí ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo lẹ ń gbà tó fi ń wọ̀ wọ́n lọ́kàn? Ṣé ìtàn kéékèèké ni, àbí káàdì? Ẹ fi àpẹẹrẹ tiyín ránṣẹ́ sí mi.