Báwo ni mo ṣe lè mú kí àwọn ọ̀gá mi máa wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá ọlọ́mọ dípò kí wọ́n máa fojú díwọ̀n rẹ̀?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí kan ní wọ́ọ̀dù ìrọbí

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí wọ́n ti fi mí ṣe olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù wa. Kí wọ́n tó yàn mí ni wọ́n ti kó ọ̀rá tí a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ wá fún wa, èyí tí wọ́n fa ìlà mílílítà sí lára, tí ó yẹ kí a máa tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin lẹ́yìn tí ó bá bímọ tán. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rá yìí kì í kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ọ̀gá tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí láti ogún ọdún sẹ́yìn yóò wo aṣọ tó rin, wọ́n á ní kò tó nǹkan, wọ́n á sì kọ 200 tàbí 250 sínú ìwé. Bí ẹ bá ṣí ìwé wa wò, ẹ ó rò pé ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo obìnrin ń dà.

Ní òru ọjọ́ kan, obìnrin kan bí ọmọ rẹ̀ kẹrin, ibi ọmọ jáde láìsí wàhálà, wọ́n sì kọ 250. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó tilẹ̀ ń béèrè ta ni ọmọ náà jọ. Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú ni mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù nini. Nígbà tí a yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti dì bí ẹ̀dọ̀ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, mo gbé àwọn aṣọ náà lé òṣùwọ̀n, mo yọ ìwúwo aṣọ gbígbẹ kúrò, èyí tó kù sì lé ní 1,100 gíráàmù, bẹ́ẹ̀ gíráàmù ẹ̀jẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílílítà kan. Ọlọ́run yọ ọ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ 250 yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹnu mi ò sì gbà á láti sọ fún wọn pé ojú tàn wọ́n. Báwo ni kí n ṣe é tí kò fi ní dà bí ẹni pé mo ń rí wọn fín?

Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó sọ̀rọ̀. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń fojú wọ̀n, mo sì máa ń fọ́nnu pé ojú mi kì í ṣìnà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ wa ní ìlò ọ̀rá yẹn, wọ́n da omi tí wọ́n pò pupa sórí aṣọ, sórí ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì àti sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ iye tó rí sórí ìwé láìkọ orúkọ. Mo kọ 300. Nígbà tí wọ́n sọ pé 800 ni wọ́n dà, mo káwọ́ gbera. Kò sẹ́ni tó bú mi, èmi ni mo bá ara mi wí.

Ṣe bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù rẹ, kí o sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kọ tirẹ̀, nítorí ìwọ náà yóò kùnà. Ní ti ọ̀gá rẹ, lọ bá wọn níkọ̀kọ̀, kúnlẹ̀, má ṣe mẹ́nu ba òru ọjọ́ yẹn rárá. Bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ẹni tí yóò máa ka ìlà ara ọ̀rá fún àwọn ọmọdé.

Dókítà tó ń tọ́jú aláboyún

Mo fara mọ́ ohun tí ìyá wa sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ tí ẹ̀rín obìnrin yẹn kò fi lè fi yín lọ́kàn balẹ̀ kún un. Nínú oyún, ẹ̀jẹ̀ ara obìnrin máa ń pọ̀ sí i tó bí ìdajì èyí tó ní tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó lè pàdánù lítà kan kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó já wálẹ̀. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá fi máa sọ̀rọ̀, àkókò ti lọ.

Nínú ìwádìí E-MOTIVE lórí ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023, ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Tanzania àti Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n lò, àwọn obìnrin tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 200,000. Níbi tí wọ́n ti ń lo ọ̀rá, wọ́n mọ nǹkan bí 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ya jù. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, 51 péré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé wọn kò dán ìtọ́jú wò lọ́kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n ṣe ń ra ilé ọmọ kí ó le ni wọ́n ń fún obìnrin ní oxytocin (oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ le), gíráàmù kan tranexamic acid (oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dúró) àti omi gba inú iṣan, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojú ara ya tàbí ibi ọmọ ṣẹ́kù. Ní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ ní kí a má ṣe dúró de 500 mílílítà mọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, bí ó bá ti dé 300 tí ọkàn sì ń sáré tàbí tí ìfúnpá ń lọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì iṣẹ́ òru

Ẹ má bínú o, ẹ má di gbogbo ẹrù lé àwọn àgbà lórí. Ní ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń ti kọ́bọ́ọ̀dù pa ní alẹ́, olórí nọ́ọ̀sì á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Ẹni tó dá nìkan wà pẹ̀lú obìnrin márùn-ún, tí méjì nínú wọn ti fẹ́ bí, kò ní sá lọ wá kọ́kọ́rọ́. Ẹ kó ọ̀rá mọ́ ohun èlò ìgbẹ̀bí nínú ìdì kan náà, kí ẹni tó bá tú u bá a níbẹ̀.

Apoògùn

Ẹ wo fíríìjì yín pẹ̀lú. Oxytocin ń fẹ́ òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius. Èyí tó bá ti sùn sórí tábìlì nínú ooru fún ọjọ́ púpọ̀ lè má ran ilé ọmọ lọ́wọ́ mọ́, ẹ ó sì rò pé ìtọ́jú ni kò ṣiṣẹ́.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Òótọ́ ni pé kọ́bọ́ọ̀dù tiwa náà ní àgádágodo; n kò ro ibẹ̀ rárá. A ó da omi pupa náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: ọ̀gá mi máa ń sọ pé omi ọmọ tó ń dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń mú kí ọ̀rá parọ́. Kí ni kí n sọ?

Dókítà tó ń tọ́jú aláboyún

Òótọ́ wà nínú ohun tí ọ̀gá yín ń sọ, ẹ gbà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí omi dà tán lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde kí ẹ tó tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ máa kà á ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan ilé ọmọ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kà á.